Ìdí Tí Mo Fi Wọ Yàrá Kẹrin

L'Esterre,
Carriacou.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2016.

Verlyn ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì, mo sì kí ìyá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ yín, èyí tí o ní ó máa ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sáré. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé òtútù Brooklyn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Ọlọ́run tó gbé erékùṣù kékeré yìí sáàárín òkun tí kò jẹ́ kó rì, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà rì níbi tí ẹ wà. Oúnjẹ yín kò ní pá yín lórí, ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ lórí yìnyín. Àmín.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, jọ̀wọ́ máa fojú àánú ka lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án ni mo bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Hillsborough, èmi nìkan ni mo sì ti lé lọ́gọ́ta nínú kíláàsì wa. Lẹ́tà ni Tíṣà Lendore fún wa ṣe níṣẹ́ àṣetiléwá lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní kí a kọ ọ́ sí ẹni tó wà láàyè, kí ìpínrọ̀ kan má sì gbé ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa kì í dúró sínú ọgbà tirẹ̀, pàápàá ní àsìkò tí gbogbo ìlú ti tú ewúrẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè báyìí. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ̀kan, mo ya á. Bí o bá rí àṣìṣe nínú èyí, fàlà sí i kí o fi ránṣẹ́ padà, àmọ́ má kà á sí ọkọ rẹ létí.

Ilé dáa. A ti kó òtílí tán, àgbàdo ti wọlé, omi inú kànga òjò ti lọ sílẹ̀ àmọ́ kò tíì di ẹrẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ti gbọ́ràn. Ewúrẹ́ Boysie aládùúgbò wa wọ ilé ìdáná Tántì Ena, àgbà ẹbí wa, ó jẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án, Tántì Ena sì lọ bá Boysie nílé, wọ́n ní àwọn kò bèèrè owó, kí ó ṣáà wá sọ fún àwọn ọjọ́ tí Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí. Boysie ní kí wọ́n dúró de ewúrẹ́ náà di àárọ̀ ọ̀la, gbogbo rẹ̀ máa jáde. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ó yá, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ní ọjọ́ Àìkú tí o pè, o ní, Màmá, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ wọ̀ láàárọ̀, yàrá kan ṣoṣo, ẹ kò sì wọ̀ ọ́. Kí n tó la ẹnu, fóònù dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ lo pa á tàbí òun ló pa ara rẹ̀, àmọ́ mo dì í mọ́ etí fún ìgbà tó tó kí ẹyin fi jinná, nítorí mo rò pé o ṣì lè máa mí níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ là á yé ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o tó dá mi lẹ́jọ́.

O mọ ọ̀rọ̀ òkúta ibojì Màmá Titine, ìyá bàbá mi. Ọdún kọkànléláàádọ́ta rèé tí wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun níbẹ̀, ìkarahun nìkan la tò yí wọn ká. Lẹ́yìn Kérésìmesì, Tántì Ena lá àlá. Wọ́n rí Màmá Titine tí wọ́n dúró nínú òjò, tí wọ́n gbé garawa sórí bí fìlà, wọ́n sì bi Tántì Ena pé ṣé òrùlé tìrẹ ń jò ni. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta ni òrùlé òkú; kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ? Gbogbo ẹbí dá owó, ìwọ náà dá tìrẹ, Clovis oníbíríkì sì da òkúta tó lẹ́wà, ó ṣe igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí etí ìrọ̀rí. A dá ọjọ́ àsè tí a máa fi gbé e lé ibojì sí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún. Ohun tó kù ni orúkọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti oṣù kejì. Ìjì Janet tó jà ní ọdún tí wọ́n bí mi ló gbé òrùlé lọ, ó gbé àpótí ìwé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé òkú tó wà ní Hillsborough, Titine Alexis ni wọ́n kọ síbẹ̀. Alexis, ti ọkọ wọn ni. Titine, ìdajì àwọn obìnrin L'Esterre ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Tántì Ena sì ní ẹnu ọ̀nà ni òkúta jẹ́, bí kì í bá ṣe orúkọ tí àlùfáà fi omi sọ ẹni ló wà lára rẹ̀, Titine mìíràn lè kó ẹrù rẹ̀ wọlé kí onílé tó dé. Clovis ní tiẹ̀ ní òun kò lè tọ́jú òkúta mọ́, nítorí àwọn ewúrẹ́ ti ń fi í yún ara. Ó ní bí orúkọ kò bá dé kó tó di ọjọ́ àsè, òun á kọ ÌYÁ sí i, òun á sì lọ sílé. Mo bi í pé ìyá ta. Ó ní kí n lọ bi Janet. Báyìí ni òkúta ṣe wà nínú yàrá rẹ, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo fi aṣọ funfun bò ó. Mo máa ń kí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti kí ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà náà ni ìwọ rí àpérò ìtàn ìdílé lórí fóònù, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní St. George's, o sanwó fún mi, o sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ọlọ́run á sanwó fún ìwọ náà. Àmọ́ mi ò sọ fún ọ bí ojú mi ṣe rí màbo lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Bí mo ṣe ṣí i, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni orúkọ ìyá mi kí wọ́n tó lọ́kọ. Mo ní ṣé àpérò ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mo kọ ọ́ fún un, mo sì ṣàlàyé díẹ̀ nípa wọn, àmọ́ àyè tó fi sílẹ̀ kéré. Lẹ́yìn èyí ó ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹnì kankan kò mọ̀. Mo kọ sí i pé èmi kò ní àṣírí. Ó ní kò lágbára tó, kò sì ní nọ́ńbà nínú. Mo ronú fún ìgbà pípẹ́, mo wá sọ kan fún un, tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1974, mi ò ní tún un sọ níbí. Lójú ẹsẹ̀ ló gbà á, ó ní ó lágbára gan-an. Inú mi dùn pé mo sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ó tún ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó kó àwòrán mẹ́sàn-án sílẹ̀, ó ní kí n máàkì gbogbo èyí tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀. Mo máàkì mẹ́ta, mo fi ìkẹrin sílẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú ẹ̀ kò lè dé Petite Martinique kó tó fọ́. Ó ní mo kùnà. Ọmọ ẹni tó kan ọkọ̀ fún ogójì ọdún ni mí, Verlyn, fóònù sì ń kọ́ mi ní ọkọ̀. Àmọ́ mo ní sùúrù, mo máàkì rẹ̀, ó jẹ́ kí n kọjá.

Ó wá kan yíyàn. Yàrá mẹ́rin láàárọ̀, yàrá mẹ́rin kan náà lọ́sàn-án, kí n mú ọ̀kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Yàrá kìíní, ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ. Yàrá kejì, ìwé tí àwọn olóko fi kọ orúkọ àwọn ẹrú wọn. Yàrá kẹta, ibi tí wọ́n ti ń gba itọ́ èèyàn láti fi mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Yàrá kẹrin, bí a ṣe ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kó tó pẹ́ jù. O ní yàrá kìíní ni kí n wọ̀ láàárọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo sì mi orí sí fóònù pé mo gbọ́.

Àmọ́ nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé aago mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Aago mẹ́wàá kan náà. Ìwé ìrìbọmi, wọ́n á máa pe àwọn èèyàn Màmá Titine níbẹ̀. Ìwé àwọn ẹrú, àwọn baba ńlá ìyá mi àti gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ owú ní Harvey Vale wà níbẹ̀. Yàrá itọ́, ti àwọn èèyàn bàbá rẹ ni, nítorí bàbá wọn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sì sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni dọjọ́ ikú. Ọ̀nà mẹ́ta ìdílé, wọ́n máa pe orúkọ wọn pa pọ̀ ní yàrá mẹ́ta, èmi nìkan sì ni wọ́n ní níbẹ̀. Níbo la ti rí i ní Carriacou pé kí wọ́n ṣe sàráà, kí wọ́n gbé àwo sílẹ̀ fún apá kan, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ apá kejì? Bí mo bá wọ yàrá kìíní, àwọn méjì á dúró níta. Mi ò mọ̀ bóyá èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣe, torí kò sí ìbéèrè kankan nínú fọ́ọ̀mù tó kan ibẹ̀.

Mo gbé e tọ Tántì Ena lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín wọn fi fẹ́ẹ́ bọ́. Wọ́n ní Ionie, ṣé o rò pé òkú ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n lè wà ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ tí orúnkún ń dùn ni kò lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní iná ìdáná ni kí n lọ dá, kí n gbé àwo kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí n dúró níbi tó bá wù mí. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu. Mo wá bi ara mi pé níbo ni ó wù mí. Mo wo yàrá kẹrin. Wọ́n á bi àwọn àgbà léèrè. Àwọn àgbà wo? Àwa náà ni. Bí gbogbo àgbà bá lọ ka ìwé ní yàrá kìíní, àwọn tó fẹ́ bi wá léèrè ti sanwó, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Mo gbà pé àga mi ló ṣófo níbẹ̀. Mo máàkì yàrá kẹrin fún àárọ̀, mo sì máàkì yàrá kìíní fún ọ̀sán nítorí tìrẹ. Mo ṣí fóònù nígbà mẹ́fà lẹ́yìn náà láti wò ó bóyá ó ti yí i padà. Kò yí i.

Mo se ìrẹsì, mo fi ọwọ́ yí i ribiti. Mo ro àgbàdo, mo se òtílí, mo pa adìẹ pupa yẹn. Mi ò fi iyọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ oúnjẹ òkú. Mo dì í ní àwo mẹ́ta, mo kó o sínú agbọ̀n pẹ̀lú aṣọ funfun mẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí St. George's. Nígbà tí a dé ibi tí òkun ti máa ń hó lórí òkè oníná tó rì yẹn, gbogbo èèyàn ń di àga mú, èmi ń di agbọ̀n mú. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣé mò ń ta á ni. Mo ní rárá, kì í ṣe ti alààyè. Ó lọ wá àga mìíràn.

Ní ibi àpérò, ọmọbìnrin kan fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, àpótí kékeré kan wà lára rẹ̀ tó kún fún àmì dúdú dúdú. Ó ní èmi nìyẹn. Mo wò ó dáadáa, kò ní ojú, kò ní imú, àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó na iná pupa kan sí i, ó ké píìn, orúkọ mi sì jáde lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà kí a má máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwòrán. Mo wọ yàrá kìíní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé àwo sórí àga iwájú, mo bò ó, mo gbé ife omi tì í. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì. Ní yàrá kẹta, orí tábìlì ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò kékeré tí wọ́n ń tutọ́ sí. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan mo sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n máa jẹun, Ionie wà nítòsí.

Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá kẹrin, mo gba iwájú lọ, mo yí àga kan padà, mo jókòó kọjú sí gbogbo wọn. Wọ́n tó ogún, ọmọdé ni gbogbo wọn lójú mi. Obìnrin tó fẹ́ kọ́ wọn bi mí pé ṣé èmi ni olùbánisọ̀rọ̀ kejì. Mo ní rárá o, èmi ni àgbà. Ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wò mí. Báyìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ kọ́ ìbéèrè ni wọ́n pè, kì í ṣe àwọn tí wọ́n fẹ́ bi. Lọ́jọ́ yẹn mi ò mọ̀, ó sì dá mi lójú pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Àmọ́ ilé rere ni obìnrin náà ti wá. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ọmọlangidi ni àwọn ìbá fi dánrawò, kí àwọn tó rí mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n na fóònù sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ẹyẹ lóúnjẹ. Ọdún wo ni wọ́n bí yín, níbo, kí ni iṣẹ́ bàbá yín. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí ní orúkọ ìyá bàbá mi. Mo ní Titine. Wọ́n ní orúkọ wọn gan-an ńkọ́. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ọkùnrin kan tó so táì ní ẹ gbìyànjú, Màmá. Mo ní ṣé o rò pé mo fi pamọ́ fún ọ ni?

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, Jovelle lorúkọ rẹ̀, ará Sauteurs. Ó ní ọdún kìíní lòun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí a jọ̀wọ́ má bínú bí ìbéèrè òun kò bá dára. Ọmọ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, torí bí èmi náà ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ Tíṣà Lendore nìyẹn. Ó ní òun kò ní bi mí ní ohun tí mo mọ̀, ohun tí mo gbọ́ lòun fẹ́ bi mí. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń sùn lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, kí ni ohun tí etí mi máa ń gbọ́ kẹ́yìn kí n tó sùn.

Verlyn, mo la ẹnu láti sọ pé òkun ni. Àdúrà ló jáde. Àdúrà Màmá Titine, ní Patuá, èdè Faransé àwọn àgbà ìgbà náà, bí wọ́n ṣe máa ń gbà á lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, èmi tí mi ò gbọ́ Patuá kọjá ẹ káàárọ̀. Ó ń jáde bí òwú tó ń tú lára kẹ̀kẹ́. Wọ́n á kí Ọlọ́run, wọ́n á ka àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tọrọ òjò, wọ́n á wá fi àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta parí rẹ̀. O mọ̀ wọ́n. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ́ ọ láti máa pè bí àrá bá sán, tí mo pè nígbà tí o lọ ṣe ìdánwò, tí mo pè títí ohùn mi fi há nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbé ọ lọ. Marie, Célestine, Gabriel, ẹ bojú wò wá. Mo sọ fún ọmọ náà pé àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn dìde. Ó ní Saint Lucia ni ìyá òun ti wá, Patuá lòun fi dàgbà, kí n jọ̀wọ́ tún ìparí yẹn sọ, kí n rọra. Mo tún un sọ. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ní Màmá, wọn kò pe ẹnì kankan níbẹ̀ yẹn o. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, Olúwa, èmi ni, Marie Célestine Gabriel, o mọ̀ mí.

Wọ́n ń sọ orúkọ wọn fún Ọlọ́run ni. Titine pọ̀ ní L'Esterre, wọn kò fẹ́ kí Ó ṣèèṣì rọ òjò wọn sí oko ẹlòmíràn.

Mi ò sunkún. Mo bèèrè omi. Nígbà tí omi dé ni mo sunkún, ọmọ Jovelle náà sì ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, mo ní ṣé orí rẹ dàrú ni, o ti bá mi wá orúkọ kan ṣoṣo tó sọnù lọ́wọ́ mi rí. Ọdún kọkànléláàádọ́ta, Verlyn. Mo ti ń bẹ ìyá bàbá mi pé kí wọ́n bojú wò mí, mo sì rò pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n.

Lọ́sàn-án mo wọ yàrá kìíní gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà nídìí ìwé níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni DeRoche, ará Petite Martinique. Wọ́n bi mí pé ṣé èmi ni mo ni àwo. Wọ́n ní láti àárọ̀ làwọn ti ń ṣọ́ ọ, ọkùnrin kan fẹ́ gbé e kúrò kó lè jókòó, àwọn sọ fún un pé èèyàn ti wà lórí àga. Wọ́n bi mí lórúkọ tí mo ń wá. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́ pé pérépéré. Wọ́n ní ká ní Titine ni mo gbé wá láàárọ̀, omi mímu nìkan làwọn ìbá lè fún mi, nítorí orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n fi to ìwé náà, kò sì sí Titine kankan nínú rẹ̀. Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n wá a lójú ẹ̀rọ. Ó wà níbẹ̀. Oṣù kejì, ọdún 1889, Marie Célestine, ọmọ Zabeth àti Louis Gabriel, wọ́n bí i ní L'Esterre níbí. Lẹ́tà àlùfáà náà tẹ̀ bí koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo nu ìka mi sára aṣọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni ojú ìwé náà sá lọ, odidi ọdún mẹ́wàá ló fi sá, Ọ̀gbẹ́ni DeRoche sì bá mi lọ mú un padà. Wọ́n ní kí n fi ojú nìkan wò ó.

Àwo yàrá kejì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ omi inú ife ti dín sí ìdajì. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ti yàrá kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba itọ́ ti jẹ ẹ́ tán, ó ní àwọn tó ṣètò àpérò ṣeun, àmọ́ kò níyọ̀. Ó ní kí n wá tutọ́ sínú ìgò. Mo ní rárá. Mi ò lè fi itọ́ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dúró de oúnjẹ òkú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Tántì Ena, wọ́n ní kí n má bínú sí ọmọ náà, ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn bàbá Verlyn ló gba ẹnu rẹ̀ jẹ ẹ́, àwọn yẹn kì í dúró de àwo.

Àmọ́ nígbà tí mo sọ ti orúkọ, wọ́n dìde. Wọ́n wọ yàrá rẹ, wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ní Ionie, àádọ́ta ọdún ni o fi ń rán Màmá níṣẹ́, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ, láìsí òrùlé lórí wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ti wá mọ̀ báyìí, nígbà tí mo bẹ àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta fún ọkọ tó jẹ́ pé bàbá rẹ ló dé, Màmá kò mọ ọkùnrin wò rí. Ẹ̀rín pa wá títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Clovis wá wo orúkọ náà, ó fi ìka kà á, ó súfèé. Ó ní lẹ́tà ló ń gbowó lé lórí, kì í ṣe èèyàn. Tántì Ena ní kí ó gé e kúrú. Mo ní lẹ́tà kan kò ní dín. Àmì orí Célestine, ó ní ọ̀fẹ́ ni, torí pé òun náà ní ìyá. Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá lè fi owó díẹ̀ kún èyí tí o dá tẹ́lẹ̀, fi ránṣẹ́ kíákíá, ti lẹ́tà ni ti àkọ́kọ́, ti òbúkọ àsè ni ìkejì, àti owó kàlẹ́ńdà fún Tántì Ena kí ìjà yẹn lè parí. Má gba orí fóònù yẹn, ó ti mọ àṣírí mi kan, ó tó. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ìwọ àti àwọn ọmọ fi ara yín wá. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ní ẹni tó ń sùn sí i, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa sùn.

Nǹkan kan kù. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, nígbà tí mo dé ibi àwọn mẹ́ta yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ mọ́. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe tọ̀nà, n ó sì bi Fadá léèrè. Mo sọ pé, Olúwa, èmi ni, Ionie Philomena Alexis, o mọ̀ mí. Mo dìde, ara mi fúyẹ́.

Kọ́ àwọn ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀. Brooklyn tóbi, èèyàn pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má fi orúkọ ìnagijẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìwọ náà, Verlyn Agatha Noel, ọmọ Ionie, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Marie Célestine, tó jẹ́ ọmọ Zabeth, ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń pín ire, a ó pe orúkọ rẹ pé, wàá sì wà nítòsí láti dáhùn. Ẹlòmíràn kò ní dáhùn fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ionie Philomena Alexis,
ọdún kìíní.